Ìlẹ̀kùn ni Àná, Fèrèsé ni Ọ̀la

"Cuido! Cuidas! Cuida!"

Kíṣìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Nunhead ni Wándé ti ń pariwo bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ajá ń lé. Ọkùnrin gìrìwò ni, bọ́ọ̀sì ló ń wà ní Peckham, àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n sí ẹni jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ìwà jẹ́jẹ́ ti sá gba ojú pópó lọ.

"Níbo lẹ dúró sí, Uncle?" Shiloh bi í. Shiloh ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń ṣe Sípáníìṣì fún ìdánwò A-level, òun sì ni tíṣà.

"Àárín ilé!"

"Àárín ilé ni kí ni?"

"Òní! Mò ń tọ́jú, ò ń tọ́jú, ó ń tọ́jú!"

"Ẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà."

Wándé fò débẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gbé tábìlì dání. "Àná! Cuidé, cuidaste, cuidó! Mo tọ́jú, o tọ́jú, ó tọ́jú!"

"Ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀."

"Cuidaba, cuidabas, cuidaba! Mo máa ń tọ́jú, lójoojúmọ́ tó ti kọjá!"

"Fèrèsé!"

"Ọ̀la! Cuidaré, cuidarás, cuidará! Màá tọ́jú, wàá tọ́jú, á tọ́jú!"

"Uncle, that was cold!"

"Cold bíi ti báwo? Ṣé o ò rí òógùn lára mi ni?"

"Ó túmọ̀ sí pé ẹ dáa gan-an. Allow it."

Ẹ má rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Luz Dary, obìnrin ará Colombia tó ń ta búrẹ́dì ní Old Kent Road, ti gbà láti fẹ́ Wándé. Ìyá rẹ̀, Doña Amparo, ni kò tíì gbà. Ìyá yìí wá kí ọmọ rẹ̀ láti Cali, ọjọ́ Ajé ló sì ń padà. Ọkọ tí Luz Dary kọ́kọ́ fẹ́ ní ilé, ó ní mọ́tò, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, àmọ́ ọjọ́ tí ìyàwó dùbúlẹ̀ àìsàn, oyin gbẹ. Látìgbà náà ni Doña Amparo ti búra pé òun ò ní bi ọkùnrin kankan léèrè ilé tàbí mọ́tò mọ́. Ìbéèrè kan ló kù lẹ́nu òun: ta lo tọ́jú rí, ta lò ń tọ́jú, ta lo máa tọ́jú? Kí ọkùnrin náà dáhùn fúnra rẹ̀, ní èdè òun, láìsí ògbufọ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ ò bá wọ òun lọ́kàn, Luz Dary á bá òun wọ ọkọ̀ òfuurufú. Luz Dary ò sì kọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu rí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni 'tọ́jú' ní Sípáníìṣì, àmọ́ bí Wándé ṣe ń jókòó kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló ń gba etí ọ̀tún wọlé, tó ń gba tòsì jáde. Ìgbà tí Shiloh rí i pé àga ò gba ẹ̀kọ́, ló bá pín kíṣìnì fún ìgbà: àárín fún òní, ìlẹ̀kùn fún àná, fèrèsé fún ọ̀la.

"Ẹ gun orí àpótí," ni Shiloh wí. "Ibẹ̀ ni 'bó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́'."

"Cuidaría! Bó bá ṣẹlẹ̀, màá tọ́jú! Ṣé ó parí?"

"Ó ku subjunctive. It's like, a mood."

"Mood tèmi ti dáa."

"Rárá, Uncle. Kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀. It's what you're wishing, what you're hoping..."

Wándé dúró lórí àpótí, ó ń wo àjà. "Ṣé bíi 'Kí Ọlọ́run tọ́jú wa'?"

Shiloh pàtẹ́wọ́. "Uncle. That's literally it. Que Dios nos cuide."

"Àdúrà nìyẹn! Àdúrà lẹ̀yin ń pè ní mood láti àárọ̀!" Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti fò sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti kan táìlì. "Que Dios me cuide! Que Dios te cuide! Èyí ò nílò ẹ̀kọ́, ilé wa ló ti wá!"

"Tẹ́ ẹ bá ń bá Doña Amparo sọ̀rọ̀, usted lẹ máa pè wọ́n o, kì í ṣe tú."

"Àwọn náà kì í pe àgbà ní ìwọ? Ah! Mo ti dé ilé àna!"

Bí Tòún, ìyá Shiloh, ṣe wọlé nìyẹn, tó bá àbúrò rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. "Wándé, ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ìyàwó? Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ, ṣé mo ti kú ni? Ìwọ ṣáà dọ̀bálẹ̀, kó o dákẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá yẹn lóun ò fẹ́ alágbàsọ."

"Dọ̀bálẹ̀ ná."

Lọ́jọ́ Sunday, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra lọ sí Forest Hill. Àjà kẹta ni fúláàtì Luz Dary wà. Tòún ru apẹ̀rẹ̀ èso àti oyin, ó ń bá àtẹ̀gùn jà, àtẹ̀gùn sì ń borí. Doña Amparo ti jókòó sáàárín pálọ̀ bí adájọ́: obìnrin kúkurú, irun funfun, ojú tí kò rẹ́rìn-ín. Ó ti pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀ kó pa ẹnu mọ́. Luz Dary dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó pa á mọ́, ẹ̀rù ń bà á.

Wándé wọlé, ó sì na gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Gbì!

"Se murió!" ni Doña Amparo kígbe. Ó ní ó ti kú! Ó gbá ìkòkò òdòdó tó wà lórí tábìlì mú, ó da omi inú rẹ̀ lé Wándé lórí, tòdòdó-tòdòdó.

Wándé ò mira. Àgbà ò tíì ní kó dìde, ta ni yóò dìde?

Ìyẹn ló wá dá kún un. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a létí kó lè jí. "Ẹ ní kó dìde!" ni Tòún ń ké. "Ẹ ṣáà ní kó dìde, ó máa dìde!" Luz Dary ò lè mú un mọ́ra mọ́: "Mami, ó ń kí yín ni! Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn!"

Doña Amparo wo ìkòkò òfìfo, ó wo òdòdó lọ́rùn ọkùnrin náà. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní kó dìde. Ó wá béèrè:

"A quién cuidó usted?" Ta lẹ tọ́jú rí?

Wándé lanu. Òfìfo. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀: àárín ilé ló wà, ọjọ́ òní! Àná wà lọ́nà ìlẹ̀kùn! Ó fò, ó di ẹnu ọ̀nà.

"Se va!" ni ìyá kígbe, ó bú sẹ́kún. "Ó ń sá lọ! Luz Dary, ṣé o rí i? Kò tíì jókòó, ó ti ń sá lọ!"

Àmọ́ Wándé ti di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú, ọ̀rọ̀ sì dé. "Cuidé! Cuidé a mi mamá!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. "La cuidaba! La cuidaba!" Ibi tí ọ̀rọ̀ tán sí, ọwọ́ rẹ̀ gbà á: ó ń fi ṣíbí tí ẹnikẹ́ni ò rí fún ẹnì kan lóńjẹ, ó ń nu ẹnu ẹni náà, ó ń ya irun rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má baà dùn ún. Tòún gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá tiwọn ni. Peckham ló ti tọ́jú wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Doña Amparo rọra jókòó padà. "Y ahora?" Nísinsìnyí ńkọ́?

Wándé fò bọ́ sáàárín. "Cuido a mi sobrina!" Ó nawọ́ sí Shiloh.

"Who, me?" Shiloh sọ sétí ìyá rẹ̀. "Ìgbà wo? Èmi ni mò ń tọ́jú wọn!"

"Pa ẹnu ẹ dé, kó o jẹ́ kó gbé e jáde."

"Y mañana?" ni Doña Amparo bi í.

Ọ̀la! Wándé ya kọ́tìnnì, ó gbé fèrèsé sókè, ó sì yọ orí àti àyà síta láti àjà kẹta. Doña Amparo gbá bẹ́líìtì rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ògiri. Kò sẹ́ni tó ń para rẹ̀ lójú òun! Wándé ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n di òun mú. "Cuidaré a Luz Dary!" ló ń ké sí gbogbo Forest Hill. "La cuidaré!"

"Good for you, mate!" ni ẹnì kan dá a lóhùn nísàlẹ̀.

Ìyá fà á wọlé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó wá bi í ní èyí tó le jù: bí ọmọ òun bá ṣàìsàn tí kò mọ orúkọ Wándé mọ́ ńkọ́?

Bó bá ṣẹlẹ̀! Àpótí dà? Kò sí àpótí. Àga Doña Amparo ló wà nítòsí. Wándé gùn ún tìkánjú-tìkánjú. "Cuida..."

Gbàà! Ẹsẹ̀ àga yẹ̀. Àga lọ, Wándé lọ, apẹ̀rẹ̀ èso lọ. Ọsàn ń yí káàkiri pálọ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Doña Amparo mú ẹsẹ̀ àga tó kán, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. Luz Dary túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láìwo ojú ẹnikẹ́ni: "Wọ́n ní ọkọ làwọn béèrè, alárìnjó lẹ mú wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn há sórí, ẹyẹ náà lè há a. Wọ́n ní kí n lọ di ẹrù mi."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ọsàn kí wọ́n má baà rí omijé rẹ̀.

Orí orúnkún ni Wándé ṣubú sí. Kò wá ìlẹ̀kùn, kò wá fèrèsé. Orúnkún rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹnu sì ṣí fúnra rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Que Dios cuide a Luz Dary." Kí Ọlọ́run tọ́jú Luz Dary.

"Àmín!" ni Tòún wí, ife mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Que Dios la cuide en la casa. Que Dios la cuide en el bus." Nínú ilé, nínú bọ́ọ̀sì. Kò há eléyìí sórí. Láti kékeré ló ti ń gbàdúrà báyìí, èdè nìkan ló pààrọ̀ aṣọ. "Que Dios cuide las rodillas de doña Amparo."

Doña Amparo fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ méjèèjì, tí àtẹ̀gùn ilé yìí ti ń fìyà jẹ látìgbà tó ti dé. "Amén," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Que yo cuide a su hija. Siempre." Kí èmi tọ́jú ọmọ yín. Títí láé.

"Amén." Ó bọ́ lẹ́nu ìyá kó tó rí i mú.

"MO GBỌ́ Ọ O!" Tòún fò sókè. "Ẹ ti ṣe àmín! Nílé tiwa, ẹni tó ṣe àmín ti fọwọ́ sí i! Luz Dary, sọ fún wọn!"

Luz Dary sọ ọ́, ọsàn mẹ́ta láyà rẹ̀. Ìyá gbójú sókè. Ṣé òfin ni?

"Òfin ni!"

Ṣé gbogbo èèyàn ló dè?

"Gbogbo ẹni tó lẹ́nu! Ó parí! Mo máa pe Pásítọ̀ mi báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Old Kent Road la ti máa ṣe é, gbọ̀ngàn wà níbẹ̀, páákì wà níbẹ̀..."

Doña Amparo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dijú, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè ọ̀run. "Que la boda sea en Cali."

"ÀMÍN!" ni Tòún kígbe. Àdúrà kì í bọ́ sílẹ̀ lójú Tòún.

"En diciembre."

"ÀMÍN O!"

"Y que la señora cocine para todo el barrio."

"Àmín lọ́nà ẹgbẹ̀rún! Lórúkọ Jésù!"

Shiloh ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú. "Mummy. Ẹ ti gbà. Ìgbéyàwó di Cali. December. Ẹ̀yin lẹ sì máa se oúnjẹ fún the whole ends, gbogbo àdúgbò."

"Kí ni?! Mi ò gbọ́ Sípáníìṣì! Kò kà!"

Doña Amparo tọ́ka sí ẹnu Tòún, ó tọ́ka sí tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó lẹ́nu.

Wándé ṣì wà lórí orúnkún, ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. "Luz Dary, ṣé wọ́n gbà ni?"

"Wándé, wọ́n ti mú oṣù!"

Igbe tó ké, fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ló gbé e dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ó gbé Luz Dary yí po, tọsàn-tọsàn. Ó fẹ́ gbé ìyá náà, àmọ́ Doña Amparo ti tún dijú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti tún wà lókè.

"Y que la señora Tòún..."

Ẹnu Tòún ti ń ṣí. Wándé àti Shiloh fò mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bò ó lẹ́nu.