Àwọn Ìbejì Inú Fọ́tò Kùmásì

“Ọmọ aráyé lè purọ́ fún mi kí n gbà á gbọ́. Fọ́tò ò tó bẹ́ẹ̀! Fọ́tò tó máa purọ́ fún Dúrósinmí, wọn ò tíì bí ìyá kámẹ́rà tó máa yà á!”

Orí bọ́ńpà mọ́tò rẹ̀ ló dúró sí láàárín àgbàlá wọn n'Ílobùú, ọwọ́ kan lórí gíláàsì, èkejì nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ ìbò. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń pàtẹ́wọ́. Azeezat, àbúrò rẹ̀ obìnrin, nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, nítorí ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gbé ń dúró dè yín.”

“Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán! Ta ló wá Àǹtí Táyé rí? Èmi ni! Lẹ́yìn ọdún mélòó? Bàbá Oyèdèjì, ẹ bá mi kà á!”

Bàbá Oyèdèjì ni ìbátan tó bá ìyá Dúrósinmí ti Gánà dé ní 1969, nígbà tí wọ́n lé àwọn àlejò. Ọmọdé lòun náà nígbà náà, ojú ọ̀nà ló sì ti bá wọn pàdé. Kò ka ohunkóhun. Omijé ló fi dáhùn.

“Ọwọ́ mi yìí, ọwọ́ ọ̀tún mi yìí, ni mo fi dì í mú ní bọ́dà. Èrò pọ̀ bí eéṣú. Mo wẹ̀yìn báyìí, Táyé ò sí mọ́!”

Gbogbo ilé ló mọ ìtàn náà sórí. Wọ́n mọ ibi tí bàbá ti máa ń mí kanlẹ̀, wọ́n mọ ibi tó ti máa ń fọn imú, wọ́n á sì ti na áńkáṣíìfù sí i kó tó débẹ̀.

Fọ́tò kékeré kan ló bí ìtàn yìí. Fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́, Kùmásì ní Gánà ni wọ́n ti yà á nígbà tí Kẹ́hìndé, ìyá Dúrósinmí, wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ọmọbìnrin méjì ló jókòó nínú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan, kaba wọn bákan náà, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn bákan náà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyá náà á gbé fọ́tò yìí sórí itan, á máa bá Táyé sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kò sẹ́ni tó máa rí i kí àánú má ṣe é. Dókítà ojú ní Òṣogbo sì ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú ìyá yìí ò ní pẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà ni oorun Dúrósinmí ti di ìdákúrekú. Kí ìyá òun rí ìkejì rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó fọ́, ohun tó ń lé kiri nìyẹn.

Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe ní Òṣogbo. Fọ́tò tó ti gbó, tó ti ya, tí èkúté ti jẹ létí, ó máa tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, á fẹ̀ ẹ́ tó ilẹ̀kùn, á sì fi férémù aláwọ̀ wúrà sí i. Ti àwọn ìbejì yìí ló gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni Àlàájà Mọ́ríátù, ará Ìfọ́n, ti rí i lọ́jọ́ tó wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Obìnrin náà dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó ní Gánà ni wọ́n ti gbé òun wá. Oníṣòwò ará Ìfọ́n kan ló rí òun ní gáréèjì níbi tí òun ti ń ké, lọ́dún tí gbogbo Yorùbá ń sá bọ̀ wálé. Òun kéré débi pé òun ò mọ orúkọ bàbá òun ju “Bàbá” lọ.

Dúrósinmí wo èjí iwájú ẹnu rẹ̀. Ó wo ìpéǹpéjú rẹ̀ tó wálẹ̀ díẹ̀. Ìyá rẹ̀ gan-an gan-an! Kò bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ó ké “Àǹtí Táyé!” títí tí télọ̀ òdìkejì fi sá jáde pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ kí ayọ̀ náà bá a lójijì; ilé aládùúgbò ni wọ́n mú ìyá náà lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí Dúrósinmí gun bọ́ńpà.

Láti Ìlobùú sí Ìfọ́n, bí èèyàn bá gbé ẹ̀wà kaná, á lọ, á bọ̀, ẹ̀wà ò ní tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí Dúrósinmí, ó sì tún ti gbóná lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Akọni tó ń pariwo lórí bọ́ńpà lẹ́ẹ̀kan, kó tó dé ààlà, ó ti ṣí sítíkà “Ọmọ Ìlobùú Àtàtà” kúrò lára gíláàsì, ó ti ká a sínú ìbọ̀sẹ̀. Ó pa rédíò. Díẹ̀ ló kù kó pa èémí náà.

Ní oríta, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mélòó kan na ọwọ́ dá a dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti ń bọ̀?”

“Òṣogbo.” Irọ́ kọ́, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Wọn ò ṣáà bi í níbi tó sùn.

“Ta lẹ wá wá?”

“Àlàájà Mọ́ríátù.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu èyí tó dàgbà jù nínú wọn. “Háà! Ẹ̀yin lọmọ Ìlobùú tí màmá ń retí! Kò sí ẹni tí wọn ò sọ fún. Ẹ tètè jàre, láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń yọjú wò yín, ọrùn wọn ti fẹ́ gùn ju ti ẹyẹ lékeléke lọ.”

Sítíkà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un nínú ìbọ̀sẹ̀.

Mọ́ríátù ti wọ léèsì funfun, ó ti lé tìróò, ó ti di ẹrù sínú báàgì ńlá. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Kò ní ju àwọn adìyẹ rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Hàfúsátù, tí ilé wọn kọjú síra.

“Hàfúsátù, mo ti fi àwọn adìyẹ ta ọ́ lọ́rẹ. Kọ́kọ́rọ́ ilé rè é. Ẹni tó ti rí ẹni ẹ̀, kí ló tún ń dá nìkan gbé ṣe?”

“Kí ẹ kọ́kọ́ lọ ná, Àlàájà, kẹ́ ẹ rí bí wọ́n ṣe gbà yín,” ni Hàfúsátù wí.

“Bí wọ́n ṣe gbà mí kẹ̀? Inú ìyá kan náà la jọ gbé!”

Orí Dúrósinmí wú débi pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé àgò adìyẹ sọdá títì lọ sílé Hàfúsátù. Àkùkọ inú rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu jẹ. Kò bínú.

Wọ́n ti jáde nílùú, oko ti bẹ̀rẹ̀ lápá méjèèjì, nígbà tí Mọ́ríátù na ọwọ́.

“Ọmọ mi, mú fọ́tò wa yẹn wá, kí n wo ara mi.”

Èyí kékeré, ojúlówó tí wọ́n yà ní Kùmásì, ló wà nínú àpò àyà Dúrósinmí. Abẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ̀ ló ti yọ ọ́ láàárọ̀. Ó fún un. Mọ́ríátù fi awò sójú, ó gbé fọ́tò náà súnmọ́ imú.

“Kí ló ṣe wá lórúnkún?”

“Orúnkún wo, Màmá?”

“Ti òsì. Wọ́n fi aṣọ di egbò fún èmi. Wọ́n tún fi aṣọ di egbò fún òun náà.”

Dúrósinmí rẹ́rìn-ín. “Ìbejì mà ni yín! Ohun tó bá ṣe ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀...”

Gbólóhùn náà kú sí i lẹ́nu.

Ó ya mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lábẹ́ igi tíìkì kan. Ó gba fọ́tò náà padà, ó gbé e sí oòrùn. Orúnkún òsì, orúnkún òsì. Kókó aṣọ kan náà, etí aṣọ tó tú jáde bí ìrù eku, bákan náà lára àwọn méjèèjì. Bọ́tìnnì kejì kaba ṣí sílẹ̀ lára èyí, ó ṣí sílẹ̀ lára ìyẹn. Láàárín wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kan wà tó tín-ín-rín bí irun orí.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ ọ́ fún un rí. Láyé ìgbà yẹn, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí á mú èyí tó kù lọ bá onífọ́tò. Onífọ́tò á yà á lápá ọ̀tún, á tún yà á lápá òsì, á so wọ́n pọ̀ sójú ìwé kan. Ìbejì kì í dá jókòó.

Báwo lojú rẹ̀ ṣe fò ó? Ojú rẹ̀ ò fò ó. Òun gan-an ló pa á rẹ́! Nígbà tó ń tún èyí tó fẹ̀ ṣe, ó rí ìlà yẹn, ó pè é ní ìdọ̀tí, ó nù ún kúrò. Ó rí aṣọ egbò, ó ní kò bu ẹwà kún ọmọ, ó fi awọ tó jọ̀lọ̀ bò ó. Ó ti bọ́tìnnì. Ó tún fọ́tò náà ṣe títí ó fi sọ ọ́ di irọ́, ó wá gbé irọ́ náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé mọ́tò gbóná ni?” Mọ́ríátù béèrè.

“Ó... ó gbóná díẹ̀, Màmá.”

“Jẹ́ kó sinmi. Láti kékeré ni mo ti ń bọ̀. Díẹ̀ tó kù yìí ò lè pa mí.”

Kí ni kí Dúrósinmí ṣe? Kó sọ fún un níhìn-ín, nínú oko? Kó yí mọ́tò padà, kó gbé e kọjá níwájú àwọn ọmọkùnrin oríta, kó lọ gba àgò adìyẹ lọ́wọ́ Hàfúsátù? Tàbí kó dákẹ́? Ojú ìyá rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Bóyá kò ní mọ̀. Bóyá kò ní... Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, orí bọ́ńpà ni òun sì ti ju tòun sílẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Ó ṣáná sí mọ́tò. Ó rọra wà á débi pé ìyá ewúrẹ́ kan tó ń jẹ koríko lọ kọjá wọn.

Ariwo ló pàdé wọn n'Ílobùú. Bàbá Oyèdèjì ò jẹ́ kí Mọ́ríátù fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tán tó fi dì mọ́ ọn.

“Táyé! Ojú tí mo rí gbẹ̀yìn ní bọ́dà rè é! Ojú yìí gẹ́lẹ́!”

“Mo rántí ọwọ́ yín!” Mọ́ríátù ń sunkún. “Mo rántí bó ṣe gbóná!”

Dúrósinmí wo àwọn méjèèjì. Wọn ò ṣe eré. Omi gidi ló ń dà lójú wọn, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù.

Azeezat fa ìyá wọn jáde lọ́wọ́. Kẹ́hìndé na ọwọ́, ó wá ojú àlejò náà rí, ó fi ìka wo iwájú orí rẹ̀, ó wo imú, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tutù.

“Ẹ ń sunkún,” ó ní. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta nìyí?”

“Táyé ni!” Gbogbo ilé hó yèè.

“Táyé wo?”

Bàbá Oyèdèjì rọra ti Mọ́ríátù sún mọ́ ọn.

“Táyé ti kú ní Kùmásì,” ìyá náà wí, bí ẹni ń sọ pé ọjà òní ti tú. “A ò tíì lè rìn nígbà yẹn. Ìyá mi ló sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà.”

“Fọ́tò ńkọ́, Màámi?” Azeezat béèrè.

“Èmi ni. Onífọ́tò ní kí n jókòó síhìn-ín, ó yà mí. Ó ní kí n sún sọ́hùn-ún, ó tún yà mí. Orúnkún ń dùn mí, kò jẹ́ kí n nà án.”

Bàbá Oyèdèjì fi ẹsẹ̀ kan síwájú. “Ọwọ́ tí mo dì mú ńkọ́? Ní bọ́dà?”

“Ọwọ́ mi ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ sì jù mí sílẹ̀. Bàbá mi ló padà wá mi rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́sàn kan.”

Ẹnì kan ti na áńkáṣíìfù sí bàbá. Kò gbà á.

Mọ́ríátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá báàgì rẹ̀ bí ẹni tí òun náà ò ríran. “Ẹ má bínú,” ó ń wí, “ẹ má bínú, ọmọ yìí ló... Ẹ jẹ́ kí n máa padà. Mo ti fi adìyẹ mi tọrẹ, ṣùgbọ́n Hàfúsátù á gbọ́ mi yé.”

Ọwọ́ Kẹ́hìndé ti bá etí léèsì rẹ̀, ó sì dì í mú ṣinṣin.

“Ta ló lé yín? Ẹ jókòó. Azeezat, gbé ẹní wá.”

Mọ́ríátù jókòó. Bí ó ṣe jókòó náà ni Dúrósinmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ nínú eruku. Ó ń rántí gbogbo ọdún tí àwọn fi jókòó yí ìyá yìí ká, tí wọ́n ń sọ ìtàn bọ́dà fún un, tí ìyá náà sì ń gbọ́, tó ń mi orí bí àlejò.

“Màámi, ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ lẹ ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo wa rò pé ẹ ń retí rẹ̀ ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ fún wa láti ọjọ́ yìí?”

Ìyá náà kọ ojú síbi tó rò pé ohùn náà ti ń bọ̀. Ó ṣì í díẹ̀. Gbogbo èrò àgbàlá ló dojú kọ.

“Ta ló bi mí?”