Kò Sí Omi Níbẹ̀

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọyẹ́ bo ojú ọ̀sà Badagry, afẹ́fẹ́ òkun sì ń ti kọ́tìnì yàrá iṣẹ́ mi nílé ìwòsàn wọlé sóde bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Mo ti pa iná kí n lè rí ohun tí ẹ̀rọ sikáànì bá fi hàn. Ìgbà tí owó epo ṣì ń ṣàn ni ìjọba rà á fún wa. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń jókòó tì í nínú òkùnkùn yẹn, ìgbà mìíràn n kì í mọ̀ bóyá mo sùn ni tàbí mo jí.

Zinsu wọlé, apẹja láti Kankon, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ọkùnrin tó lè ṣe é ni?"

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Láídé lorúkọ mi, èmi nìkan ló sì wà níbí. Dùbúlẹ̀ jàre."

Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jọ ìpá, pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ omi ló wú u lábẹ́. Ìpá kì í ṣe nǹkan tuntun létí ọ̀sà. Mo fi jẹ́ẹ̀lì tútù sí i, mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e.

Omi a máa dúdú kirikiri lójú ẹ̀rọ. Kóró ẹpọ̀n tó dá ṣáṣá a máa rí bí eérú tí wọ́n kù dáadáa. Ti Zinsu kò rí bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ló wú, abàwọ́n dúdú wà káàkiri inú wọn. Àwòrán náà ń rọra yí níwájú mi bí ìsàlẹ̀ ọ̀sà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Mo wá omi títí, n kò rí.

"Ṣé àìsàn ńlá kankan ti ṣe ọ́ rí?"

"Rárá o."

"Má purọ́ fún mi. Kò sí omi níbẹ̀."

Ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe òun, wọ́n tọ́jú òun n'Ibadan, wọ́n sì ní ó ti lọ. Ìyá rẹ̀ ló ní kó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ń fẹ́ Sewanu, ọmọ Imeke, àwọn ará ilé ìyàwó kò sì ní ṣàì wádìí irú àìsàn tó wà nínú ìdílé ọkọ. Nígbà tí abẹ́ rẹ̀ wú, tí kò dùn ún, ó pe ara rẹ̀ ní onípàá fún oṣù márùn-ún.

Inú bí mi gan-an. "Oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀ yẹn. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ a máa sá pamọ́ síbẹ̀. Dókítà ni yóò sọ bóyá òun ni, àmọ́ bí o kò bá sọ fún un, omi ni wọn yóò máa wá, ìwọ ni yóò sì kú."

"Sewanu wà níta," ló wí. "Ẹ bá mi pè é."

Nígbà tí Sewanu wọlé, Zinsu kọjú sí ògiri, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo mọ̀," ni Sewanu wí. "Àbúrò bàbá mi ti wádìí dé Kankon lọ́dún tó kọjá. Mo sọ fún wọn pé ìwọ náà ni mo fẹ́. Mo kàn ń retí kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́ ni."

Sewanu gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó bèèrè yàrá dókítà. Èmi tí n kì í sunkún níwájú aláìsàn, mo bú sẹ́kún. Oṣù márùn-ún ni Zinsu fi pe ara rẹ̀ ní onípàá, nítorí àṣírí tí Sewanu ti mọ̀ tipẹ́.