Ibi Tí Ìyá Ardela Ti Wá

Ibi kẹta tí Ìyá Ardela ti kọ̀ láti kọ ìlú rẹ̀ sínú ìwé àlejò nìyí, inú sì ti ń bí mi. Àbúrò ìyá tó bí mi ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, èmi ni mo sì wa mọ́tò gbé e láti Nebraska wá sí Minnesota kó lè rí àwọn ojú ogun 1862, ogun tí àwọn òyìnbó fi lé àwọn èèyàn wa kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Èmi ti kọ tèmi.

"Ẹ ṣáà kọ Nebraska," ni mo wí. "Ṣebí ibẹ̀ la ti wá."

"Ibẹ̀ ni wọ́n lé wa lọ. Ibi tí mo ti wá ni ìwé yìí ń bèèrè, mi ò sì tíì mọ̀ ọ́n."

Mo pa ìwé náà dé, mo tẹ̀ lé e jáde.

Kó tó kú, ó fẹ́ mọ ibi tí àgọ́ ìyá ìyá ìyá rẹ̀ wà kí ogun tó dé. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún un: téèyàn bá dúró lẹ́nu àgọ́ yẹn, á máa wo ibi tí odò méjì ti pàdé, tipsina, gbòǹgbò inú koríko tí wọ́n ń wú jẹ bí iṣu, á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo pátákó ìtàn tí a kà látàárọ̀, ibi tí sójà kú sí ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá kà wọ́n á rò pé àwa ò sùn níbì kankan rí.

Ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sí òkè kan. "Jẹ́ ká gun ibẹ̀ yẹn wò."

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ṣé ìwọ lo ni ín?"

A gùn ún. Lóòótọ́, odò méjì pàdé nísàlẹ̀. Ìyá Ardela ò tilẹ̀ wo odò, ilẹ̀ ló ń wò. Tipsina kún inú koríko.

"Ó máa ń hù fúnra rẹ̀," ni mo wí.

"Èyí tó hù fúnra rẹ̀ máa ń jìnnà síra. Wo bí èyí ṣe fara kanra. Tó o bá wú u tán, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń dá orí rẹ̀ padà sínú ihò, kó lè hù lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló kọ́ mi?"

Ó wá yé mi pé àwọn ìyá rẹ̀ ló ń dá orí wọn padà síbí. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà: irin ṣóńṣó tó wà nídìí ọ̀pá rẹ̀, tí mo rò pé torí kó má yọ̀ ṣubú ni, ó ti kì í bọ ilẹ̀, ó sì ti fi wú tipsina kan jáde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré gòkè wá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a kì í gbẹ́ ilẹ̀ níbí."

"Mo ti gbẹ́ ẹ tán," ni Ìyá Ardela wí.

Ó bó o, ó gé díẹ̀ sórí koríko fáwọn tó ti lọ, ó fún èmi àti ẹ̀ṣọ́ náà ní tiwa. Ó wá dá orí rẹ̀ padà sínú ihò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ lé e, ó sì sunkún díẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ò lè sọ̀rọ̀, tipsina kún ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n gbé ìwé àlejò yẹn wá. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: Níbí.

Ẹ̀ṣọ́ yọjú wò ó. "Mà, ibi tí ẹ ti wá ni wọ́n ní kí ẹ kọ."

"Òun ni mo kọ."

Mo gba bírò lọ́wọ́ Ìyá Ardela, mo wá orúkọ tèmi rí, mo sì fa ìlà pa Nebraska rẹ́.