Àdúrà Orí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọbalọlá kì í ṣe ojo, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti sọ ọ́ di ẹni tó ń yọjú wo abẹ́ mọ́tò ara rẹ̀ láràárọ̀. Ajẹ́ǹtì tó ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá ni. Ó gba iṣẹ́ ńlá kan mọ́ àwọn kan lọ́wọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ sí i pé ariwo kan ń bọ̀ tí yóò gbọ́ gbẹ̀yìn. Ọdún tí bọ́ǹbù ń dún káàkiri Èkó nìyẹn. Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò rẹ́rìn-ín?

Bó ṣe gbé rìmóòtù kan lọ bá Sàídù nìyẹn, ríwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Àmùkòkò. Òkè òkun ni wọ́n ti bá a rà á. Téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láti òkèèrè, mọ́tò á ṣiná láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dè é mọ́ Pijó mi," ni Ọbalọlá wí. "Tí wọ́n bá ti di nǹkan sí i nídìí, kó bú nígbà tí mo wà lẹ́yìn ilé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àwọn tó ń wá mi, wọ́ọ̀fù la ti jọ ń jẹun."

Sàídù yí nǹkan náà síwá sẹ́yìn. Mọ́tò tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ti Pijó yìí. Wáyà kan wà lára rìmóòtù náà tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiná bí mọ́tò bá wà nínú jíà, torí mọ́tò tó bá ṣiná nínú jíà, fífò ni yóò fò síwájú. Sàídù wá ibi tí yóò so wáyà náà mọ́ títí, kò rí. Ó yẹ kó dá ẹrù padà fún ẹlẹ́rù. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í jẹ́ ká mọ̀ pé ilẹ̀ ń yọ̀. Ta ni yóò sọ fún gbogbo Àmùkòkò pé iṣẹ́ kan wà tí Sàídù ò lè ṣe? Ó gé wáyà náà, ó fi téèpù dí i lẹ́nu, nǹkan sì ṣiṣẹ́.

"Gbọ́ o, Ọbalọlá," ó kìlọ̀. "Fríì ni kó o máa fi mọ́tò yìí sí. Má fi sínú jíà láéláé."

"Háńdíbíréèkì ẹ̀ tí ò mú mọ́ ńkọ́?"

"Gbé òkúta sídìí táyà."

Òkúta! Gbogbo ẹni tó ń wa mọ́tò lágbègbè yẹn ló mọ̀ pé bí háńdíbíréèkì bá ti kú, jíà kìíní lèèyàn ń fi mọ́tò sí kó má baà yí lọ. Sàídù fúnra rẹ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ju orí rẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, òun ló wa mọ́tò náà lọ sílé Ọbalọlá ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n tẹ rìmóòtù, mọ́tò dáhùn, gbogbo ará ilé pàtẹ́wọ́. Màmá Ọbalọlá jáde wá. Kò sí àárọ̀ kan tí ìyá yìí kì í dúró síwájú mọ́tò ọmọ rẹ̀, tí yóò kẹ̀yìn sí ògiri, tí yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí yóò máa gbàdúrà.

"Màmá, láti ọ̀la, inú ilé lẹ ó ti máa gbà á o," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Ẹ má súnmọ́ mọ́tò."

"Àdúrà tí ọwọ́ ò kàn, ta ni yóò bá mi gbé e débẹ̀?" Màmá ti gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹni tó bá fi ibi sínú mọ́tò ọmọ mi, kí ibi náà má ṣìnà o. Kó wá ọwọ́ tó fi í síbẹ̀ kàn!"

"Àmín!" Ohùn Sàídù ló ròkè jù.

Lẹ́yìn náà ló gbé mọ́tò wọnú ọgbà. Ó kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó fi àyè sílẹ̀ níwájú kí Màmá lè rí ibi dúró. Ó paná, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣe ohun tó máa ń ṣe: ó ti jíà sí ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó ń kọrin bó ṣe ń rìn lọ sílé. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Anayo, awakọ̀ takisí, gbé mọ́tò rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Sàídù. Sàídù wà á sábẹ́ ibòji, ó sọ̀ kalẹ̀. Anayo jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò sì ta gìrì síwájú, ó kú.

"Oga Rewire! You leave am for gear! My handbrake dey hold na, wetin be dis?"

Sàídù wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ohun kan náà lọwọ́ yìí ṣe sí Pijó lánàá! Anayo ń yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò náà kò jí mọ́, Sàídù ò sì dúró dè é. Ó ki eré mọ́lẹ̀. Ó ń fo gọ́tà, ó ń fara gbá èèyàn, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sójú ọ̀nà. Màmá yẹn ni gbogbo èrò rẹ̀. Ọlọ́run, jẹ́ kó sùn pẹ́. Jẹ́ kí orí máa fọ́ ọ. Jẹ́ kó gbọ́ràn sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí.

Ìyá ò gbọ́ràn. Bí Ọbalọlá ṣe gba ẹ̀yìnkùlé lọ sá pamọ́ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, ni Màmá yọ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Nígbà tí Sàídù wọ géètì, ó bá a láàárín ògiri àti mọ́tò, ó dijú, ọwọ́ méjèèjì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Màmá! Ẹ kúrò níbẹ̀!"

Ìyá lajú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sàídù, o káre. Wá, gbọ́wọ́ lé e ká jọ gbà á."

Sàídù kó sí àlàfo náà, ó gbá ìyá mú, ó tì í dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ́ jáde, ó ku ọwọ́ ọ̀tún tó fi ti ìsàlẹ̀ ògiri. Mọ́tò ṣiná.

Igbe rẹ̀ ni Ọbalọlá gbọ́ tó fi sáré dé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò bóyá ó rí bọ́ǹbù. Lẹ́yìn náà ló tó rí Sàídù tí bọ́ńpà fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Òun àti àwọn aládùúgbò ti mọ́tò náà sẹ́yìn.

Màmá jókòó sórí ilẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é. Ó wo ọwọ́ náà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sókè.

"Ọlọ́run, o rí wọn! Wọ́n fẹ́ pa mí, wọ́n ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe! Ọwọ́ tó fi ibi sínú mọ́tò yìí, wá a kàn!"

Gbogbo ọgbà dáhùn pé, "Àmín!"

Sàídù wo ohun tó kù lára ọwọ́ rẹ̀. Òun nìkan ni kò ṣe àmín.