Tírà Inú Máṣíìnì Bàbá Àlímì

Léraléra ni mo ti tú kábúrétọ̀ máṣíìnì Bàbá Àlímì fọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Rumuokwuta. Síbẹ̀, èéfín dúdú ló ń tú, á sì kú. Lónìí, mo ṣí àpótí tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún un. Tírà aláwọ ló dí ẹnu ọ̀nà pa! Mo yọ ọ́, máṣíìnì sì bú ramúramù.

Bàbá figbe ta. "Dá a padà! Ààbò jàǹbá ni."

"Abẹ́gì, Bàbá, ẹ so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó."

"Ibẹ̀ ni Àfáà ní kí n fi í sí. Láti ìgbà náà, ṣé o rí i kí n ṣubú?"

Inú bí mi, mo ju sípánà sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo dá a padà. Bàbá súre fún mi, ó ti máṣíìnì rẹ̀ lọ sílé.

Lóòótọ́, kò ṣubú rí. Ta ló ń ṣubú lórí máṣíìnì tó ń tì?