Ẹṣin Bàbá Jẹ́ẹ́dé, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tèmi

Ẹ má bi mí bí mo ṣe ga tó. Àwọn tó bi mí lọ́dún tó kọjá ṣì ń rántí èsì tí mo fún wọn. Mo ga tó ẹni tó lè ro ọbẹ̀ láìgun àpótí, ìyẹn sì tó fún ọmọ ènìyàn. Ó tó fún Muhydeen ọkọ mi nígbà tó wá fẹ́ mi ní Ṣakí. Kò sẹ́ni tó wọn gíga mi kí wọ́n tó gbé mi wá sí Àgọ́-Àrẹ. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ra máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù, fún mi ni ọ̀rọ̀ gíga ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́.

Wàrà ni mò ń tà. Ní gáà àwọn Fúlàní tó wà lẹ́yìn òkè ni mo ti ń rà á lọ́wọ́ Màríámù, tí mo fi ń gbé e lọ sọ́jà Tẹ̀dé. Ẹni tó bá mọ wàrà mọ̀ pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí oòrùn bá bá a lójú ọ̀nà, ó ti kan nìyẹn, àwọn oníbàárà á sì máa yínmú sí mi. Ọ̀nà gáà náà kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń fi ayọ̀ rìn. Yangí ni, àpáta ni, ojú àgbàrá ni, ó sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ gba ẹ̀gbẹ́ òkè bí ìfun ewúrẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń ru igbá wàrà gba ibẹ̀, orúnkún mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ lálaalẹ́. Nígbà tí ọkọ mi wá sọ pé bí a bá ta iṣu ọdún náà tán, òun á ra máṣíìnì fún mi, mo jó yí ilé po. Mo mọ̀ ọ́n gùn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Ṣakí ló kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọge, kò sì sí kọ́nà tó ń bà mí lẹ́rù.

Ijó náà kò pẹ́. Bàbá ọkọ mi, Bàbá Jẹ́ẹ́dé, gbọ́ sí i. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí yóò ra ohun tí a ń gùn nínú ilé àwọn láìmú àwọn dání. Nígbà èwe wọn, bàbá tó bí wọn ní ẹṣin kan, àwọn ni wọ́n sì ń já koríko fún un. Nítorí koríko yẹn, Bàbá gbà pé kò sí ohun tí ọmọ aráyé ń gùn tí àwọn kò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀lé wa dé Ṣakí, sọ́dọ̀ Gbọ́láhàn tó ń ta máṣíìnì. Kí n tó wọlé tán ni mo ti rí tèmi: kékeré kan báyìí, pupa, ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀, táyà rẹ̀ sì ní eyín tó lè bu yangí jẹ. Mo jókòó lé e. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì kanlẹ̀ pẹ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sí ọkọ mi, òun náà rẹ́rìn-ín sí mi.

Bàbá kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń fọwọ́ tẹ àwọn máṣíìnì láyà. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n gbá ọ̀kan ní ìdí pẹ́ẹ́, wọ́n sì tẹ́tí sí i.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń wá gan-an?" Gbọ́láhàn béèrè.

"Mò ń wò ó bóyá ó máa ń ta ìpá ni. Èwo ló ga jù níbí?"

Gbọ́láhàn mú wọn lọ síbi ògiri ẹ̀yìn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ìjókòó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí láyà. Ó ní òkúta ọ̀nà oko kankan kò lè fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Bàbá yí i po, wọ́n yí i po, wọ́n wá gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Èyí ni ẹṣin," wọ́n ní.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, pupa kékeré yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀ lórí ẹ̀."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nìyẹn! Ìyàwó ilé wa kò ní gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sọ́jà Tẹ̀dé. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i."

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo òrùlé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ra ẹṣin.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹṣin náà lágbára. Ó ń fo àpáta, ó ń la ojú àgbàrá kọjá, ó sì ń gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wàrà mi ń dé Tẹ̀dé bó ṣe kúrò ní gáà, àwọn oníbàárà ti ń dúró dè mí. Gígùn kọ́ ni wàhálà, dídúró ni. Kí n tó lè dúró, mo gbọ́dọ̀ rí ohun tí n ó gbé ẹsẹ̀ lé: àpáta kan, tàbí ebè, tàbí gbòǹgbò igi ẹ̀mí. Ní gáà, Màríámù da odó rẹ̀ tó ti là dojú bolẹ̀ fún mi. Lọ́jà Tẹ̀dé, mo ní búlọ́ọ̀kù kan lábẹ́ igi máńgòrò. Láàárín odó àti búlọ́ọ̀kù, èmi kì í dúró o.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀yìn yọ. Oko àwọn ará ilé ọkọ mi ló wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà náà, ìyàwó ilé sì ni mí. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ilé ṣáájú ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni, títí kan Waheedat tó ṣì ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mò ń pè ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́. Mo gbọ́dọ̀ dúró, kí n sọ̀kalẹ̀, kí n kúnlẹ̀ kí wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí kò sí àpáta?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bọ̀dá Bàṣírù, ló kọ́kọ́ ko ó. Wọ́n rí mi lókèèrè, wọ́n fi ọkọ́ sílẹ̀ lórí ebè, wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n sì nàró láti gba ìkíni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o-o-o!"

Kí n tó pe "Bọ̀dá", mo ti yí kọ́nà. Eruku ni wọ́n dá lóhùn. Lọ́jọ́ kejì mo gbìyànjú láti dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, kí n tẹ orúnkún kan, kí n tún jókòó. Waheedat délé, ó ní, "Ìyàwó ò kí mi o, ijó ló jó fún mi."

Ọ̀rọ̀ di ti gbogbo agboolé. Wọ́n ní ìyàwó Muhydeen ti gun máṣíìnì, ó ti gbàgbé orúnkún rẹ̀ sílé. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n pe ìpàdé. Bọ̀dá Bàṣírù ní kí wọ́n ta máṣíìnì náà, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìlọta síwájú ilé, nítorí ẹ̀rọ ìlọta kì í ré ènìyàn kọjá.

Mo rí igbá wàrà tó tún padà sórí mi. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn, mo ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ má tà á. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ sí kékeré ni. Ẹsẹ̀ mi ni kò kanlẹ̀."

"Kò sí àbùkù lára ẹṣin tí mo yàn," Bàbá dáhùn. "Ẹni tó gùn ún ni kò fẹ́ kí ènìyàn. Lọ́la, èmi fúnra mi máa jókòó sẹ́yìn ẹ lọ sí gáà. Tó bá ré àgbà kan kọjá láìdúró, a ó tà á."

Inú bí mi débi pé mo jẹ ẹ̀bà tán kí n tó rántí pé n kò bu ọbẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá dé fìlà abetí-ajá, wọ́n gun ẹ̀yìn mi látorí pèpéle, wọ́n sì jókòó bí ẹni tó ń lọ jọba. Bí a ṣe ń fo àpáta ni wọ́n ń yìn ín: "Ẹṣin! Ẹ wò ó! Ẹṣin!" A dé oko Bọ̀dá Bàṣírù.

"Dúró, kí i," Bàbá ní.

"Bàbá, ẹ na ẹsẹ̀ yín wálẹ̀ ná, ẹ wò ó."

Bàbá na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n na tòsì. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá náà kò ga jù mí lọ. Wọ́n ká ẹsẹ̀ wọn padà, a sì fi eruku kí Bọ̀dá Bàṣírù. Ọmọ wọn ni Bọ̀dá, ìyẹn kò dun Bàbá. Wọn kò pe ẹṣin mọ́ ṣá.

Ní kọ́nà tó tẹ̀ lé e la ti pàdé Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí wọ́n ru igi ìdáná bọ̀ látoko. Kò sí ẹni tó dàgbà tó wọn lágboolé wa, kò sì sí ẹni tó ń ré wọn kọjá. Wọ́n ti dá Bàbá padà látẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí rí pé kó wá tún òun kí.

"Jẹ́ẹ́dé!" Ìyá Àgbà pè, wọ́n sì dúró sáàárín ọ̀nà.

"Dúró!" Bàbá gbá mi léjìká. "Sodiqat, dúró! Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn!"

"Ilẹ̀ dà, Bàbá?"

"Wá a!"

"Mò ń wá a!"

Mo tẹ bíréèkì. Máṣíìnì dúró lóòótọ́. Mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún, afẹ́fẹ́ ni. Bàbá na tòsì, afẹ́fẹ́ ni. Ẹṣin náà nàró díẹ̀, ó rò ó, ó sì dùbúlẹ̀. Èmi bọ́ sínú koríko. Bàbá fò kọjá lórí mi, àyà wọn kanlẹ̀ gbàlà, ọwọ́ wọn méjèèjì nà gbọọrọ, fìlà wọn sì yí títí ó fi dúró níwájú ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Ìyá Àgbà wo Bàbá nílẹ̀, wọ́n sì sọ igi ìdáná wọn kalẹ̀.

"Jẹ́ẹ́dé. Láti ọjọ́ tí mo ti ń pọ̀n ọ́, o ò dọ̀bálẹ̀ fún mi báyìí rí. Àyà rẹ kanlẹ̀! Ọlọ́run á gbé ọ ga."

"Àmín," Bàbá ní, látinú yangí. Bí wọ́n bá ti gbórí sókè láti dìde ni Ìyá Àgbà ń bọ́ sínú àdúrà mìíràn, tí wọ́n á tún dorí délẹ̀ ṣe àmín.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta máṣíìnì yìí," Ìyá Àgbà wá ní. "Wọn kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti kọ́ Jẹ́ẹ́dé ní ẹ̀kọ́ ilé."

Mo jáde látinú koríko, mo kúnlẹ̀. Bí Ìyá Àgbà bá ti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń yí i padà. Bí Bàbá bá dákẹ́ báyìí, wọ́n á gba ìyìn wọn lọ sílé, ẹṣin wọn á di ọlọ́lá, èmi á sì máa wá ilẹ̀ kiri títí wọn ó fi rí òkú mi lójú àgbàrá. Bàbá wò mí. Yangí wà ní irùngbọ̀n wọn. Wọ́n wo ẹṣin tó dùbúlẹ̀, tí táyà rẹ̀ ṣì ń yí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n ní, "ẹ foríjì mí. N ò dọ̀bálẹ̀ o. Mo ṣubú ni. Ẹsẹ̀ wa ni kò kanlẹ̀. Èmi ni mo yàn án fún un, ó sì sọ fún mi."

Ìyá Àgbà mú fìlà náà nílẹ̀, wọ́n gbọn eruku rẹ̀ dànù.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n dọ̀bálẹ̀ ná."

Bàbá tún dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ Gbọ́láhàn, Bàbá kò gbá nǹkan kan ní ìdí. Wọ́n dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀, wọ́n ní, "Èmi ni Ìyá Àgbà. Mò ń bọ̀ látoko. Máa gùn ún bọ̀." Máṣíìnì tí mo bá jókòó lé, mo gbọ́dọ̀ gùn ún dé ọ̀dọ̀ wọn, kí n dúró, kí n sọ̀kalẹ̀, kí n kúnlẹ̀, kí n dìde. Gbọ́láhàn bi ọkọ mi bóyá ìrun là ń kí. Nígbà tó kan pupa kékeré náà, mo ti kúnlẹ̀ kí Bàbá tó parí "mò ń bọ̀".

"Èyí ni," wọ́n ní. Wọn kò pe orúkọ ẹranko kankan.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mò ń gbé wàrà bọ̀ láti gáà. Ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí kò sí àpáta, mo rí ẹnì kan tó káwọ́ sẹ́yìn lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá ni. Mo tẹ bíréèkì, mo dúró, mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti kúnlẹ̀.

"Rárá, má sọ̀kalẹ̀," wọ́n ní. "Wàrà ò gbọdọ̀ kan."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo bàtà mi lórí yangí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

"Ẹsẹ̀ rẹ kanlẹ̀," wọ́n ní. "O ti kí mi. Máa lọ, ọmọ mi."