Ọmọ Kantíkantí Etí Iná

3.

…nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dà wọ́n nù. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Iṣẹ́ ni.

— Adétutù

(Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí ìgò mẹ́rìndínlógún, Zion Pepe, ìlú orí omi, 2009. Omi ti jẹ òkè rẹ̀.)

4.

Adétutù kì í ṣe ọmọ omi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí. Ìjọba ló gbé e wá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama nípa ohun abẹ̀mí. Ilé Rhoda ló ń gbé, opó kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ọkọ̀ ń kó wá láti Igbókòdà. Kantíkantí ń bo ọjà náà ṣùṣù.

Rhoda ń fi aṣọ lé wọn.

Adétutù ń fi ìgò mú wọn.

5.

OHUN TÓ Ń WÁ

— kantíkantí Òde Mahin, níbi tí atẹ́gùn ti tutù

— kantíkantí abúlé etí iná gáàsì, níbi tí iléeṣẹ́ epo ti ń dáná tọ̀sán-tòru láti ọdún pípẹ́ wá

— ìdí tí ti etí iná fi ń fara da ooru ju ti Mahin lọ

6.

Ó ti dán an wò. Ó kó àádọ́ta láti ibì kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó dé e, ó ki ìgò náà bọ omi gbígbóná níwọ̀nba fún wákàtí kan. Nínú ti Mahin, mẹ́tàdínlógún ló ṣì ń rìn. Nínú ti etí iná, mọ́kànlélógójì.

Wọ́n ní ó jó títí ilé fi mì. Ilé orí òpó kì í pẹ́ mì.

7.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ (láti ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyíwọlá, tó ń darí iṣẹ́ oyè rẹ̀ ní yunifásítì)

Kò tó. Ẹni tó ń yan ẹja lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ á mọ èéfín. Ìyẹn ò ní kó bí ọmọ tí èéfín kì í ta lójú. Tọ́ méjèèjì nínú yàrá kan náà, lórí oúnjẹ kan náà, títí dé ìran kẹrin. Àwọn ìran kẹrin yẹn ni kí o wá dán wò. Ìparí oṣù kẹfà la ó gba iṣẹ́ mọ.

8.

Ìran kan, bí ọjọ́ méjìlá.

Ìran kìíní.

Ìran kejì.

Ìran kẹta.

9.

Rhoda fọ àwọn ìgò náà.

10.

(Adétutù gba ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé iṣẹ́ òun.)

ADÉTUTÙ: Mọ́mì, mélòó lẹ fọ̀?

RHODA: Mẹ́jọ. Àwọn tó ń rùn jù.

ADÉTUTÙ: Ti etí iná ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

RHODA: Àlejò ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bọ̀. Mo rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jẹrà, mo rí ìdin.

ADÉTUTÙ: Mo lẹ ìwé mọ́ ọn, mà.

RHODA: Ọma mi, mi ò mọ̀wé kà.

(Adétutù pa fóònù.)

11.

Adétutù sunkún, ó sì nu ojú. Ó ti lo odidi ọdún kan nílé obìnrin yìí, kò bi í léèrè rí. Ìtìjú ìyẹn fẹ́ẹ̀ ju àdánù ìgò lọ.

Rhoda ní kó dìde. Ó ní abúlé etí iná yẹn, abúlé ọkọ òun ni. Ọdún kẹwàá rèé tí ọkọ òun kú, tí ooru ibẹ̀ sì sú òun, tí òun kó ẹrù òun wá bá ẹ̀gbọ́n òun ní Zion Pepe. Òun ò tí ì padà débẹ̀. Ó dàárọ̀, wọ́n jọ ń lọ.

12.

(Nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Olówòkéré ló ń wà á.)

RHODA: Àwọn kantíkantí tí kò lè fara da ooru ńkọ́?

ADÉTUTÙ: Wọ́n kú, mà. Tàbí wọn ò rí ọmọ bí. Àwọn tó ṣẹ́ kù ló bí èyí tí à ń rí.

RHODA: Èmi kó kúrò. Ṣé mi ò lágbára nìyẹn?

Olówòkéré rẹ́rìn-ín. Ó ní kantíkantí ò ní ọkọ̀, kò sì ní ẹ̀gbọ́n ní Zion Pepe. Ẹni tó ní méjèèjì, tó tún jókòó ti iná, kì í ṣe agbára ló ní.

Rhoda ronú sí i. Òun náà bú sẹ́rìn-ín.

13.

Èébú ni Rhoda rò pé òun máa bá níbẹ̀. Moríkẹ́, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Ó sáré wá dì mọ́ ọn, kò sì tètè tú u sílẹ̀. Wọ́n fi púpurú àti ẹja tútù ṣe wọ́n lálejò.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Adétutù gbé kalẹ̀ kò mú nǹkan kan. Rhoda wo ìyẹn, ó rọra da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu sórí èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Kantíkantí ya bò ó bí èéfín.

OHUN TÍ WỌ́N KÓ BỌ̀

— kantíkantí, irínwó ó lé díẹ̀

— ẹja yíyan, apẹ̀rẹ̀ kan

— aṣọ ọkọ Rhoda kan, tí Moríkẹ́ ti ń bá a tọ́jú

14.

Adétutù ya iná sára ìgò tuntun, ó ya omi sára ti Mahin tó ṣẹ́ kù. Rhoda ló ń pààrọ̀ oúnjẹ wọn báyìí. Tó bá ṣe tán, wọ́n á jókòó ti tábìlì, Adétutù á fún un ní pẹ́ńsùlù.

Lẹ́tà mẹ́sàn-án ló ti mọ̀.

15.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà

— Ìran kẹrin ti pé, sà. Òní ni.

— Mo jókòó ti fóònù.

16.

Wákàtí kan pé. Ti Mahin: méjìdínlógún nínú àádọ́ta ló ṣì ń rìn.

Ó ku ti etí iná. Adétutù yọ ìgò náà nínú omi, kò lè wò ó. Bí wọ́n bá ti kú bíi ti Mahin, a jẹ́ pé ara àwọn ìyá wọn ló kàn mọ ooru, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ ọdún kan gbáko sì wọmi.

Rhoda gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó ń fi ìka tọ́ka sí àwọn tó ń rìn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó dé mẹ́wàá.

Ó dé mẹ́tàdínlógún.

Ó dé méjìdínlógún. Ìka rẹ̀ kò dúró.